Níbi Tí Ọ̀nà Ọ̀dà Parí Sí: Yíyan Ilé Ìtura ní Wild Coast

  

Ọ̀rọ̀ ilé ìtura ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti ìgboro o, níbi tó jẹ́ pé bí yàrá ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó kàn gbé báàgì yín sọdá sí òdìkejì títì ni. Etíkun tó ṣì jẹ́ ijù là ń lọ, níbi tí igbó, àpáta àti ẹnu odò ti pọ̀ ju ilé lọ. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ló wà, Wild Coast ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Johannesburg tàbí Pretoria a máa bèèrè pé níbo ni àwọn lè mú ìyá àti bàbá lọ bí wọ́n bá wá kí wọn láti ilé. Cape Town ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Èmi a máa ní kí wọ́n wo Wild Coast náà wò, n ó sì tètè fi kún un pé: ẹ má tíì sanwó ilé o.

A kúkú mọ bí a ṣe ń yan ilé ìtura lóde òní. A ó ṣí fóònù, a ó wo àwòrán bẹ́ẹ̀dì, a ó wo omi ìlúwẹ̀ẹ́, a ó ka ohun tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ kọ, ó parí. Ìyẹn tó fún Èkó, ó tó fún London. Ní Wild Coast, àwòrán bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kó kẹ́yìn. Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Láti ibi tí odò Great Kei ti ń wọ òkun ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ títí dé odò Mtamvuna ní ààlà KwaZulu-Natal, nǹkan bíi kìlómítà 250. Àwọn tó ń sọ èdè Xhosa ló ni ibẹ̀: àwọn Gcaleka ní ìsàlẹ̀, àwọn Bomvana láàárín, àwọn Mpondo lókè. Odò Mbashe tó ń ṣàn wọ òkun níbẹ̀, òun náà ló gba ẹ̀bá Mvezo kọjá, abúlé tí wọ́n bí Nelson Mandela sí ní 1918. Nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n gé gbogbo agbègbè náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní Transkei, wọ́n ní ó ti gba òmìnira ní 1976. Òmìnira tí kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó kà á sí, àyàfi Gúúsù Áfíríkà tó fún un. 1994 ni wọ́n tó dà á padà sínú ilé.

Àìbìkítà wà nínú ìdí tí ilé kò fi pọ̀ létí òkun náà, ṣùgbọ́n òfin náà wà níbẹ̀. Ní 1992, ìjọba Transkei ṣe òfin kan tó pa ilẹ̀ mọ́ láti etí òkun dé kìlómítà 1 sínú ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Àwọn kan rú òfin náà, ẹjọ́ sì ti wáyé lórí rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló fà á tí ẹ fi lè rìn lórí iyanrìn ibẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ má rí nǹkan mìíràn ju màlúù tó wá gba atẹ́gùn lọ. Màlúù, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn màlúù Mpondo a máa wá dúró létí òkun bí ẹni pé àwọn náà gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Wàyí o, ẹ fojú inú wo òòyà. Ọ̀nà márosẹ̀ N2 ni ẹ̀yìn òòyà náà. Inú ilẹ̀ ló gbà, láti ìlú East London dé Butterworth, dé Mthatha, ó sì kọjá lọ sí Kokstad. Kò súnmọ́ òkun rárá. Àwọn ọ̀nà tó ya kúrò lára rẹ̀ lọ sétíkun ni eyín òòyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá lọ, òkun ló sì ń dá a dúró. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó so ẹnu eyín kan mọ́ ẹnu èkejì. Ẹni tó bá sùn ní Coffee Bay, tó wá gbọ́ pé Port St Johns dára, tó ní kí òun sáré débẹ̀ kí òun padà: bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn lẹ́bàá òkun, nǹkan bíi kìlómítà 60 ni, àwọn tó fẹ́ràn ìrìn a sì máa fi ọjọ́ 5 rìn ín, tí wọ́n ń sùn nínú ilé àwọn ará abúlé. Bó bá jẹ́ mọ́tò, yóò gòkè padà dé Mthatha, yóò tún sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 200. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju èyí lọ: níbẹ̀, ilé tí ẹ bá sanwó sí ni gbogbo ìsinmi yín. Odò tí ẹ ó rí, ibi tí ẹ ó ti wẹ̀, ẹni tí yóò mú yín rìn, oúnjẹ tí ẹ ó jẹ, ó ti parí lọ́jọ́ tí ẹ yan eyín òòyà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ kan, kó yan ibi kan. Bó pọ̀ jù, méjì. Mo ti rí ètò àwọn kan tó to ibi mẹ́rin sínú ọjọ́ méje. Inú mọ́tò ni wọ́n ti lo ìsinmi náà.

Ó kan ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà Port St Johns láti Mthatha, R61, ọ̀dà ni títí dé inú ìlú, kò sì tó kìlómítà 100. Ti Coffee Bay náà ní ọ̀dà. Ẹ ó yà ní Viedgesville, ẹ ó rin nǹkan bíi kìlómítà 80. Ẹ má fi bí kìlómítà náà ṣe kéré ṣírò àkókò o. Gálọ́ọ̀pù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀nà náà ń gun òkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ewúrẹ́ ń sọdá, ọmọ iléèwé ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ibi tó kù, erùpẹ̀ àti òkúta ni púpọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ kékeré tí abẹ́ rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ kò ní lè gòkè. Ẹ bi onílé náà ní ìbéèrè yìí gan-an: "Ọkọ̀ tí mo ń wà rè é, ṣé yóò dé iwájú ilé yín bí òjò bá rọ̀ lóru mọ́jú?" Onílé tó jẹ́ olóòótọ́ yóò sọ fún yín pé kí ẹ gbé mọ́tò yín sí ṣọ́ọ̀bù báyìí báyìí, òun á wá fi jíìpù gbé yín. Èyí tó bá ń sọ pé "kò sí wàhálà" ṣáá, ẹ máa fura sí i. Bí ẹ bá sì háyà ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ̀wé nípa ọ̀nà tí kò lọ́dà nínú àdéhùn náà, ibẹ̀ ni iye tí ẹ ó san bí táyà bá ya máa ń fara pamọ́ sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú yín sójú ọ̀nà. Màlúù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ojú ọ̀dà ló ń sùn lálẹ́, nítorí ọ̀dà a máa di ooru mú. Ní June, oòrùn ibẹ̀ a ti wọ̀ bí agogo 5 bá ti kọjá díẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ọ̀lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní East London ní ọ̀sán ganrínganrín, tó sanwó ilé sí Coffee Bay lálẹ́ ọjọ́ náà, òru ni yóò rìn wọlé. Kó sùn ní East London, tàbí kó dé Mthatha kó sùn síbẹ̀, kó wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nelson Mandela láàárọ̀, kó wá sọ̀ kalẹ̀. Owó yàrá ọjọ́ kan yẹn kò ṣòfò.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá mú etíkun náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ní apá odò Kei, ilé ìtura ìdílé ló pọ̀ níbẹ̀, ti àtijọ́, tó jẹ́ pé owó tí ẹ bá san ti kó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ mọ́ra. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí bùkátéríà lójú pópó níbẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń padà sí ilé ìtura kan náà, àti ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Bí ẹ bá gba Kei Mouth, ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ kan ni yóò gbé mọ́tò yín sọdá odò. Kì í ṣiṣẹ́ lóru, bí odò bá sì kún, á dáwọ́ dúró, ẹ ó wá yí gba Butterworth. Qolora wà níbẹ̀, Mazeppa Bay náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú erékùṣù kékeré kan tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ so mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ wẹ́wẹ́, tàbí tó mú ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn dání, apá ibẹ̀ ni mo ń rán an. Ilẹ̀ tẹ́jú díẹ̀, oúnjẹ ń dé lásìkò, ẹni tó ń bójú tó ọmọdé sì máa ń wà. Oúnjẹ náà kò ní ata tó. Ẹ gbé ata gígún yín dání, ẹ má jẹ́ kójú tì yín.

Apá ibẹ̀ náà ni odò Gxarha wà. Ní 1856, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Nongqawuse ní àwọn baba ńlá bá òun sọ̀rọ̀ lẹ́bàá odò náà, pé kí àwọn Xhosa pa màlúù wọn, kí wọ́n run irúgbìn wọn, àwọn òkú ọ̀run yóò dìde, àwọn òyìnbó yóò sì kó lọ. Wọ́n gbọ́, wọ́n pa màlúù. Ìyàn tó tẹ̀lé e pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ilẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilé ìtura tó bá ní ọmọ ìlú tó lè mú yín débẹ̀, tó lè sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un nílé, ó yàtọ̀ gédégédé sí èyí tó jẹ́ pé káàdì kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ bèèrè lórí fóònù pé ta ni yóò mú yín rìn, àti pé ará ibo ni.

Bí ẹ bá gòkè díẹ̀, ẹ ó bá ibi tí odò Mbashe ti ń wọ òkun, igbó Dwesa lápá kan, Cwebe lápá kejì. Igbó ọba ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn ará abúlé ni látilẹ̀wá. Ní 2001 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé wọ́n ni ín. Ní Cwebe ni ilé ìtura kan tó ń jẹ́ The Haven wà. Ní ọjọ́ 4 oṣù August, 1991, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń jẹ́ Oceanos rì sínú ìjì ní etíkun yìí. Ènìyàn 571 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ti kúrò nínú rẹ̀ kí àwọn èrò tó jáde tán. Olórin onígìtá inú ọkọ̀ wà lára àwọn tó kù tó ń darí bí wọ́n ṣe ń fi okùn gbé ènìyàn sókè sínú hẹlikópítà. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kú. The Haven ni àwọn hẹlikópítà ń já àwọn èrò sí. Ẹ wò ó, olórin! Bó bá jẹ́ nílẹ̀ wa ni, oríkì ọkùnrin yẹn ì bá ti gba wákàtí kan gbáko. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ọjọ́ kan náà gan-an, 4 August, ní 1782, ni ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Grosvenor fọ́ mọ́ àpáta ilẹ̀ Mpondo lókè lọ́hùn-ún. Ó lé ní 100 ènìyàn tó gúnlẹ̀ láàyè. Díẹ̀ kíún nínú wọn ló rin ìrìn náà dé Cape. Òkun ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó kàn wá ya fọ́tò.

Láàárín Dwesa àti Coffee Bay ni abúlé Nqileni wà, níbẹ̀ ni Bulungula Lodge wà. Èyí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n ṣí i. Nígbà náà, àwọn ará abúlé ní ìpín nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ di tiwọn. Ilé roboto ni, irú èyí tí gbogbo ilé abúlé náà jẹ́: ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, koríko lórí rẹ̀ bí bẹẹrẹ tí àwọn baba wa fi ń bolé. Kò sí ọgbà, kò sí ògiri tó ya ilé ìtura sọ́tọ̀ kúrò lára abúlé. Adìẹ wọn á gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá. Iná sólà ni wọ́n ń lò. Ilé ìgbẹ́ kò lo omi. Ilé ìwẹ̀ wọn ló dùn mọ́ mi jù: ẹ ó da kẹrosíìnì díẹ̀ sísàlẹ̀ páìpù kan, ẹ ó ṣáná sí i, á ké wùùù, omi gbígbóná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Kẹrosíìnì náà bá tán, omi ti tutù nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa kọrin nínú ilé ìwẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé orin kúrú.

Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń mú àlejò rìn. Ẹnìkan á gbé yín gẹṣin lẹ́bàá òkun, ẹnìkan á fi ọkọ̀ kékeré tu yín gba orí odò, àwọn obìnrin á mú àwọn àlejò obìnrin lọ pọn omi, ṣẹ́gi, kí wọ́n jọ dáná. Owó ni wọ́n ń san fún ìyẹn o. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ibi tí mo jókòó sí: obìnrin tó ti ń ru omi láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà nílé ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ṣé òun náà ló máa wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sanwó omi rírù? Kó má san án. Ẹṣin ni kó gùn. Àmọ́ kó jókòó ti àwọn obìnrin náà nídìí iná, kó rí bóyá oko, owó iléèwé àti ọkọ tó lọ ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Johannesburg kò ní jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni irú ibẹ̀ yẹ. Ẹni tó ń lo oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, kó kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n á ṣe bá a tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn lókùnkùn láti yàrá dé ilé ìgbẹ́, kó má lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ara yín le, tí ẹ fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà gan-an, mi ò rí ilé tí mo lè gbé síwájú rẹ̀ ní gbogbo etíkun náà.

Coffee Bay ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn káàkiri ayé ló kúnbẹ̀. Yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ti ń sùn pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì alájà wà níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kò ju kìlómítà mélòó kan lọ sí Hole in the Wall, àpáta ńlá tí ìgbì òkun ti lu ihò sí láàárín; àwọn Xhosa ń pè é ní esiKhaleni, ibi ariwo, nítorí bí òkun ṣe ń bú nínú ihò náà. Ó yẹ kí ènìyàn rí i. Ṣùgbọ́n ní December, orin àti ọtí ni wọ́n fi ń mọ́jú níbẹ̀. Ẹni tó ń wá oorun, kó yàgò.

Port St Johns tóbi ju Coffee Bay lọ, ìlú ni, ẹnu odò Umzimvubu ló wà láàárín òkè gíga méjì. Ọjà wà, ilé ìwòsàn wà, ẹ̀rọ ATM wà. Ẹ ó rí ilé ìtura olówó ńlá ní Umngazi lẹ́bàá odò, ẹ ó sì rí ilé kékeré tí ẹ ó ti máa dá oúnjẹ yín sè. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Etíkun tó ń jẹ́ Second Beach lẹ́wà gan-an, àmọ́ láàárín 2007 sí 2014, ẹja àkùrákudà pa ju ènìyàn 5 lọ nínú omi rẹ̀. Odò tó ń gbé ẹrẹ̀ wọ òkun ló ń sọ omi di rúdurùdu, ẹja wọ̀nyí a sì máa wá oúnjẹ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ilé ìtura tó bá wà létíkun, ẹ bi í pé níbo ni àwọn ènìyàn ti ń wẹ̀, ṣé ẹ̀ṣọ́ òkun ń wà níbẹ̀, àti oṣù wo ló máa ń wà. Bí wọ́n bá ní ẹ wẹ̀ níbi tó bá wù yín, ẹ fi omi ìlúwẹ̀ẹ́ wọn mọ.

Lókè pátápátá ni ilẹ̀ Mpondo, ibi tó ṣì jẹ́ ijù jù lọ. Igbó ọba Mkambati wà níbẹ̀, pápá koríko tó tẹ́ lọ sójú òkun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ń jẹ koríko, odò sì ń já wálẹ̀ lórí àpáta sínú òkun tààrà. Láti 1920 títí di 1976, ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ ni ilẹ̀ náà. Kí igbó tó di ti ẹranko, ènìyàn tí wọ́n fẹ́ gbàgbé ni wọ́n kó síbẹ̀. Ọ̀nà erùpẹ̀ gígùn láti Flagstaff ni yóò gbé yín débẹ̀. Ẹ ó dáná fúnra yín, nítorí náà Mthatha tàbí Lusikisiki ni kí ẹ ti ra oúnjẹ, kí ẹ sì rọ epo kún ọkọ̀ fọ́ọ́fọ́ọ́. Ọ̀pẹ kan wà létí odò Msikaba àti Mtentu tí kì í hù fúnra rẹ̀ níbòmíràn lágbàáyé. Èso rẹ̀ dà bí àgbọn kékeré. Ọmọ Yorùbá tó mọ ọ̀pẹ bí a ṣe mọ̀ ọ́n yìí, kó lọ wò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ilẹ̀ Mpondo bó ṣe wà, kó má pẹ́ jù. Wọ́n ti ń kọ́ afárá ńlá méjì sórí àfonífojì Msikaba àti Mtentu, kí ọ̀nà N2 tuntun lè súnmọ́ òkun. Àwọn kan ní ìdàgbàsókè ni, àwọn kan ní ilẹ̀ àwọn ni wọ́n fẹ́ gbà. Àwọn ará Xolobeni níbẹ̀ kò sì ṣeé fi ṣeré: ní 2018, wọ́n gba ìdájọ́ nílé ẹjọ́ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kankan láṣẹ láti wa kùsà lórí ilẹ̀ àwọn láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn gbà. Ní 2022, ilé ẹjọ́ gíga tún fagi lé àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ epo Shell fẹ́ lò láti máa fi ìró wá epo lábẹ́ òkun ibẹ̀. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ wà lára àwọn tó ja ìjà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ bèèrè ẹni tó ni ilé kí ẹ tó sanwó: ṣé abúlé ní ìpín níbẹ̀, àbí ọgbà ni wọ́n fi wáyà yí ká tí owó kò fi kọjá géètì? Ẹ lè sùn síbi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n.

Ó kan àsìkò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ìgbà òjò tiwa. Láti November dé March, ooru máa ń mú níbẹ̀, òjò ń rọ̀, odò ń kún. December àti ọjọ́ Àjíǹde ni yàrá máa ń gbówó lórí jù, yàrá á sì ti tán ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. June sí August, òtútù díẹ̀, ojú ọ̀run mọ́, ọ̀nà gbẹ. Ó sì bọ́ sí ìsinmi gígùn àwọn ọmọ iléèwé wa. June àti July ni ẹja sàdíìnì ń rọ́ gba etíkun náà lọ sókè, ẹyẹ á máa já lu omi tẹ̀lé wọn, dọ́fíìnì á máa lé wọn. Àwọn àbùùbùtán náà ń kọjá láti June dé November. Ẹ ó rí wọn láti orí òkè, ẹ kò nílò ọkọ̀. Òkun ibẹ̀ kò tutù bíi ti Cape Town, nítorí omi gbígbóná láti apá Mòsáńbíìkì ló ń ṣàn wá. Àmọ́ òru tutù, ọ̀pọ̀ ilé náà kò sì ní ohun tí ń mú yàrá gbóná. Ẹ bèèrè iye bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ohun kan tí inú ará ilé á dùn sí: kò sí ibà ẹ̀fọn ní etíkun yẹn.

Owó ńkọ́? Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti máa ń ṣì í kà nìyí. Iye tí ilé ìtura Gúúsù Áfíríkà bá kọ, orí ni wọ́n sábà máa ń kà, kì í ṣe yàrá. Bí wọ́n bá kọ iye kan fún òru kan, tọkọtaya á san án lọ́nà méjì. Ẹni tó bá dá sùn a sì máa san ju ìdajì owó yàrá lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ilé kan wọ́n ju èkejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé orí ni àbí yàrá, ṣé oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ṣé ìrìn pẹ̀lú afinimọ̀nà wà nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé tó dà bíi pé ó wọ́n, tó ní oúnjẹ mẹ́ta nínú, ló rọrùn ju èyí tí ẹ ó ti gbé kúlà oúnjẹ láti Mthatha. Ẹ mú owó rand lọ́wọ́, nítorí ẹ̀rọ káàdì kò wúlò níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àwọn apẹja á kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú edé ńlá inú òkun àti ìsán. Ó dùn, àmọ́ òfin wà lórí oṣù tí wọ́n lè pa á àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ bi onílé kí ẹ tó rà á.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa láti ilé, ẹ rántí pé ẹ nílò físà, ẹ má sì san owó ilé tí wọn kò ní dá padà kí físà tó jáde. Kí ẹ sì tó san án, ẹ pe ilé náà sórí fóònù, kì í ṣe kí ẹ kàn kọ̀wé ránṣẹ́. Ẹ kí wọn "Molweni" bí wọ́n bá pọ̀, "Molo" bó bá jẹ́ ẹnìkan. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ọ̀dà parí sí, kìlómítà mélòó ló kù lẹ́yìn rẹ̀, níbo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń lọ, ta ni yóò pàdé yín, agogo mélòó ló fẹ́ rí yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ ó sọdá odò kí ẹ tó dé ilé náà, ẹ bèèrè wákàtí tí òkun máa ń fà sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì bèèrè ẹni tí yóò gbé ẹrù ìyá àgbà.

 Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, a ó gba ìpè yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹni tó ti dé etíkun náà rí wá sọ ohun tó rí, kódà bó bá ta ko tèmi.